Àlọ́ Láìsí Apàlọ́: Bí A Ṣe Bá Àwọn Ọmọ Wa Lọ sí Lagos Comic Con

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí títọ́ ọmọ ní ayé tí a wà yìí, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àdúrà òwúrọ̀ àti ọ̀pá ìbáwí ni ó ń retí. A kò kóyán àwọn méjèèjì kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn wa yàtọ̀, a sì rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́ níwájú àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà, dípò kí a máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́bí wa ọkùnrin fẹ́ràn àwòrán yíyà láti kékeré. Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ agbégi tí ń ti inú igbó ọba Olúwa bọ̀, tí ń gba iwájú ilé wa kọjá pẹ̀lú gẹdú ràbàtà lẹ́yìn, ni ó máa ń yà. A máa ń fi hàn fún àlejò. Nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwòrán náà yí padà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a bá ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí kò sí àyè kankan mọ́ nínú rẹ̀: ẹ̀dá abìwo, obìnrin tí ó gun ẹranko abìyẹ́, ọkùnrin tí mànàmáná ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. A kò bi í ní ìbéèrè kankan. A gbàdúrà lórí ìwé náà, a fà á ya, a sì dáná sun ún ní ẹ̀yìnkùlé lójú rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bá wa jiyàn. Ó kí wa pé ó dàárọ̀, ó wọlé lọ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́rọ́rọ́ ti wọ ilé wa. Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà, mo ti pọnmi, mo ti fọṣọ: ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìwọ̀nyí lọ. Àwọn kan nínú ìjọ wa tilẹ̀ ń yìn wá pé ọmọ náà ti ní ìwà pẹ̀lẹ́. Inú wa dùn sí ìyìn náà, títí di ọjọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 10 tí kò mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́, là á mọ́lẹ̀ fún wa pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń yàwòrán o. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ni wọ́n ń yà á sí." Ó fi kún un pé àwọn méjèèjì a máa lọ wo eré lórí fóònù ọ̀rẹ́ wọn kan ní àdúgbò, nígbà tí a bá wà ní ìpàdé àdúrà.

Eré wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀. Àwa òbí nìkan ni iná tí a dá lé kúrò níbẹ̀.

A bi ọmọbìnrin náà léèrè orúkọ eré tí wọ́n ń wò. Ó ní Ìyanu ni. Ó yà wá lẹ́nu pé orúkọ Yorùbá ni, nítorí ohun tí a ti ní lọ́kàn ni pé ìlú òyìnbó ni gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ni ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé aláwòrán tí ó jáde ní 2021. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó di eré kátúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n Cartoon Network. Ọmọ òrukàn ni Ìyanu, ó ń gbé lẹ́yìn odi ìlú kan ní ilẹ̀ tí a fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ègún kan ti sọ àwọn ẹranko ilẹ̀ náà di ẹhànnà, ọmọ yìí sì ṣàdédé rí i pé agbára kan wà nínú òun. A tún gbọ́ nípa Iwájú, eré tí àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, tí ó jáde ní 2024, tí ó sọ ìtàn ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Tọlá ní ìlú Èkó ti ọjọ́ iwájú. Ní 2019, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ṣe fọ́nnu lórí BBC pé àwọn yóò na Disney ní Áfíríkà. Dípò kí Disney bínú, ó pè wọ́n. A kò gba àwọn ọmọ wa níyànjú láti máa fọ́nnu, ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin yìí kan náà ni ó mú ọ̀rọ̀ Lagos Comic Con wá. Àpéjọ ọdọọdún ni, tí Ayodele Elegba dá sílẹ̀ ní 2012, níbi tí àwọn tí ń ya ìwé aláwòrán, àwọn tí ń ṣe eré kátúùnù, àti àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn àràmàǹdà ti ń pàdé. Irú rẹ̀ ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó. Èyí tí ó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, ní ìlú San Diego, bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le létí wa ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ síbẹ̀ a máa wọ aṣọ bí ẹ̀dá inú ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn. Ọmọbìnrin wa fẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí Ìyanu.

A kò gbà lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan nínú wa ní kí a jẹ́ kí wọ́n lọ, èkejì ní ó di èèwọ̀. Bàbá àgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún nínú ìjọ wa bi wá tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé egúngún ni ẹ fẹ́ lọ gbé l'Ékòó ni?" Ìbéèrè náà dùn wá, nítorí pé òun gan-an ni à ń bi ara wa ní òru. Nígbẹ̀yìn, a fi ẹnu kò sí ibì kan: bí a bá ní kí wọ́n má lọ, wọn yóò lọ lọ́jọ́ kan láìsí wa. A ó bá wọn lọ, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sì fi ojú ara wa rí i.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa aṣọ náà, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ yí padà. Ìyá wọn mú àdìrẹ kan tí kò lò mọ́, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rán an tán, ó ku ìbòyà àti ọ̀pá ìjà. A gé páálí ṣúgà, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kò dúró. A tún un ṣe, ó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ewé tí oòrùn pa. Ọmọkùnrin wa ń kàwé ní igun yàrá, kò gbójú sókè. Ní ìgbà kẹta tí páálí náà já bọ́, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ fún mi mọ́mì. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ fi síwájú. Ibi tí ìlà inú páálí kọjú sí ni ó máa ń tẹ̀ sí." Ó jókòó lórí ilẹ̀ láàárín wa, ó gé e, ó kùn ún, ó fi bébà dídán wé ọ̀pá náà. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣe é: ó ń ṣàlàyé irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà lọ́rùn, ìdí tí àwọ̀ aró kò fi gbọ́dọ̀ dọ́gba. A kò dá a dúró. Aago 11 òru lu kí a tó rántí pé a kò tíì gbàdúrà alẹ́.

Àwa ará Ọ̀rẹ̀ gbọ́ nípa ìrìnàjò ju bí a ti ń rìn ín lọ. Àwọn tí ń ti Èkó lọ sí Benin tàbí Onitsha ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wọn a jẹun, wọn a na ẹsẹ̀, wọn a tún wọkọ̀. Ní ọjọ́ yìí àwa ni a wọkọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá ìjà kan tí a wé sínú aṣọ bí ọmọ tuntun, kí awakọ̀ má baà bi wá ní ohun tí a kò lè dáhùn. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Èkó gbà wá sílé. Òun náà wo ọ̀pá náà, ó wò wá, kò sọ nǹkan kan.

Ariwo ni a kọ́kọ́ bá pàdé ní gbọ̀ngàn náà. Lẹ́yìn náà ni ojú wa tó là. A rí ọkùnrin kan tí ó fi rọ́bà ṣe ìyẹ́, a rí ọmọdékùnrin tí ó wé gèlè ìyá rẹ̀ mọ́ ọrùn bí ẹ̀wù ìlékè akọni, a sì rí ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ àti ìyùn ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ bí ayaba ayé àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ènìyàn ń dá ọmọbìnrin wa dúró pé kí ó jẹ́ kí àwọn ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ń wò wá kí ó tó gbà. A ní kí a sọ èyí fún àwọn òbí tí ń bẹ̀rù: ọmọ tí òbí rẹ̀ wà nítòsí ní ẹni tí ó lè wò kí ó tó dáhùn.

Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ni ìdí iṣẹ́ níbẹ̀. Tábìlì ni. Lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ́ kan jókòó pẹ̀lú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí ó yà, tí ó sì sanwó títẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé fún wa bí àwòrán ṣe ń rìn. Ó ní fíìmù a máa lo àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin wa, tí kì í fẹ́ràn ìṣirò, ṣe ìṣirò náà lójú ẹsẹ̀: ìṣẹ́jú kan jẹ́ 1,440. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi arákùnrin náà pé, "Ta ni ó ń ya gbogbo rẹ̀?" Ìdáhùn náà gba àkókò, nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan. Ẹnì kan ń kọ ìtàn, ẹnì kan ń ya bí ìran kọ̀ọ̀kan yóò ti rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ń kun ún, àwọn kan ń fi ohùn sí i, ẹnì kan ń wá orin, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n wo bí òjìji ti ń ṣubú lọ. A ti rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. A wo ọwọ́ arákùnrin náà, a rí i pé ìka tí ó fi ń di gègé mú ti le bí ti àgbẹ̀.

Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà ni a wá ọmọkùnrin yìí tì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti sọ ọmọ nù láàárín èrò rí mọ bí àyà ti ń já. A wá iwájú, a wá ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. A wá bá a nídìí tábìlì kan ní igun, ó jókòó ti obìnrin kan tí ń yàwòrán, ìwé ìṣirò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú wọn láti ẹ̀yìn wá. Kò gbọ́ nígbà tí a kọ́kọ́ pè é. Obìnrin náà ń fi ìka tọ́ ọ sọ́nà pé, "Ọwọ́ yìí kò ní egungun nínú. Wo ọwọ́ tìrẹ, kí o tún un yà." Ó sì ń tún un yà, ó ń gba ìbáwí náà láìbínú. Ẹni tí ó mọ Bíbélì kò ní ṣàì rántí Jósẹ́fù àti Màríà tí wọ́n wá ọmọ ọdún 12 fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó bá a láàárín àwọn olùkọ́. A kò fi ọmọ wa wé Olúwa. Òbí tí ń wá ọmọ ni a fi ara wa wé. A ti bá àwòrán ọmọ yìí wí nígbà kan rí, ṣùgbọ́n a kò sọ fún un rí pé ọwọ́ náà kò ní egungun.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a kò fẹ́. Aṣọ àwọn kan kò bo ara tó, a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa láìfi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Eré ìdárayá orí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde nínú rẹ̀ bí omi kò tẹ́ wa lọ́rùn, a sì yọ àwọn méjèèjì kúrò nídìí rẹ̀. Owó tún wà ńbẹ̀: gbogbo nǹkan ni wọ́n ń tà, ọmọ kò sì mọ ìgbà tí àpò òbí gbẹ.

Èyí tí ó le jù ni ti Ṣàngó. A rí àwòrán rẹ̀ tí àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ga, tí ó ní iṣan bí òkúta, ọmọbìnrin wa sì bi wá léèrè pé, "Dádì, ṣé ẹni burúkú ni Ṣàngó?" Ojú tì wá. Ohun tí ó wá sí wa lẹ́nu ni pé, "Ká máa lọ." Ìdáhùn àìmọ̀kan ni, ọmọ náà sì mọ̀. Nínú ọkọ̀ tí a ń padà bọ̀ ni a tó ní ìgboyà láti dá a lóhùn dáadáa. A sọ fún un pé ìtàn wa ka Ṣàngó mọ́ àwọn Aláàfin Ọ̀yọ́, pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sọ ọ́ di ẹni tí a ń bọ, pé àwa kò bọ ọ́, a kò sì ní bọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. A sọ fún un pé àlùfáà ìjọ Ọlọ́run ni Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn ọba wọ̀nyí, tí ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, nítorí pé èyí tí ó kọ sọnù, àbúrò rẹ̀ ni ó sì tún un kọ. Ọmọ náà ní, "Wọ́n sọ ìwé rẹ̀ nù?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ojú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀ títí tí a fi kọjá Ìjẹ̀bú-Òde.

Inú ìdákẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ti wá.

Ìtàn àràmàǹdà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti Ọ̀rẹ̀ gba ọ̀nà Òǹdó, tí ó sì ń lọ sí Ifẹ̀, yóò gba Òkè-Igbó kọjá. Ìlú tí a ti bí D. O. Fágúnwà ní 1903 nìyẹn. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ni ó sì tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ẹ rántí Àgbákò olójú 16! Bí a bá bá àwòrán Àgbákò lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ kan lónìí, ẹ ó mọ ohun tí a ó ṣe sí i. Síbẹ̀, àwọn ará ìjọ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n kà á fún àwọn bàbá wa, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ní òkè òkun bákan náà, Kristẹni tòótọ́ ni C. S. Lewis tí ó kọ ìwé méje nípa ilẹ̀ Narnia, tí kìnnìún ti ń sọ̀rọ̀. Nínú Bíbélì pàápàá, ẹ ka ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 9, ẹ ó rí i pé Jótámù dúró lórí òkè, ó sì pa ìtàn igi tí ń wá ọba fún ara wọn. Ólífì kọ̀, ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀, àjàrà kọ̀, igi ẹ̀gún ni ó gbà. Kò sí ẹni tí ó bi Jótámù pé níbo ni igi ti ń sọ̀rọ̀.

Àwa tí a lé díẹ̀ ní ogójì ọdún yóò sì rántí eré Agbára Ńlá tí ẹgbẹ́ Mount Zion ti Mike Bamiloye ṣe. A wò ó, a rí Ìsáwùrú, a kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní òru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ni kò jẹ́ kí ẹ̀rù náà bà wá jẹ́? Kì í ṣe pé eré náà kò bani lẹ́rù. Ó jẹ́ pé ilé kún fún ènìyàn nígbà tí a ń wò ó. Bàbá wà lórí àga, ìyá wà ní ẹnu ọ̀nà, aládùúgbò tí kò ní tẹlifíṣọ̀n dúró ní ojú fèrèsé. Nígbà tí ó parí, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì fi ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣe ẹ̀rín.

Àlọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìgbà èwe wa, a kò rí ọmọdé kan tí ó dá jókòó pàlọ́ fún ara rẹ̀. Ìyá àgbà ni ó ń pa á. Iwin wà nínú rẹ̀, ẹlẹ́gbára wà nínú rẹ̀, olórí méje wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà pẹ̀lú sì wà níbẹ̀. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti yára kọjá nítorí ọmọ tí ó kéré jù, ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti bi wá pé kí ni a rí kọ́. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó gbé àlọ́ fún ọmọ, ó sì fi apàlọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a sun ìwé ọmọ wa, àlọ́ ni a rò pé à ń lé jáde. Apàlọ́ ni a lé.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, kì í ṣe gbogbo ibi ni ó yẹ kí òbí bá ọmọ lọ. Òtítọ́ ni. A kò ní bá ọmọ wa dé ilé ọtí kí a tó sọ fún un pé ọtí kò dára. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ta ni ó ní owó ọkọ̀ Èkó fún ènìyàn mẹ́rin, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ wà nílẹ̀. Òtítọ́ ni èyí náà, àwa pàápàá jẹ gbèsè díẹ̀ kí a tó padà. Ìyá tí ó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ láti ìdájí títí di alẹ́ kò ní àkókò Comic Con. Ṣùgbọ́n ó lè ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tí yóò jókòó ti ọmọ, tí yóò ní, "Fi èyí tí ò ń wò hàn mí. Ta ni èyí? Kí ló dé tí inú ń bí i?" A ti gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ yóò fojú pa ọ́ rẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, kò ní jẹ́ kí o sùn.

Ẹ má ṣe rò pé ìrìnàjò kan ti tún gbogbo nǹkan ṣe. Ọmọkùnrin wa ti ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá àbúrò rẹ̀ jà bí ó ti yẹ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àbúrò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe é lójú ara rẹ̀, ó sì ní kò sí nǹkan. Síbẹ̀, ó ti ní ìwé tuntun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà, a kò sì mọ ibi tí ó ń fi í pamọ́ sí. A kò wá a. Bí ó bá fi ojú ewé kan hàn wá, a ó wò ó, a ó béèrè bóyá egungun wà nínú ọwọ́ náà.

Ní ti àyájọ́ yìí, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ti ń dá owó fún kànga ẹ̀rọ àti òrùlé, a sì ti san tiwa. A bẹ̀ yín kí díẹ̀ kù fún yàrá àwòrán, àti fún àwọn ìwé Fágúnwà ní ilé ìkàwé. Ọ̀gá-àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti gbà pé kí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán máa pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú olùkọ́ kan tí yóò jókòó tì wọ́n. Nígbà tí a fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò nílò, a ní kí ọmọkùnrin wa kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ó kọ pẹ́ńsù 2B àti 4B, ó kọ bébà funfun tí ó nípọn, ìrésà, rúlà gígùn. Lẹ́yìn náà ó kọ kọ́bọ́ọ̀dù kan. Ó tún mú bírò padà, ó fi kún un pé, "tí ó ní kọ́kọ́rọ́."